Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì ní Ìlú Orí Òkè Yìnyín: Ìdáhùn fún Dókítà Kan ní Houston

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn yìí wá láti ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan, ọmọ Yorùbá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ó ní ilé iṣẹ́ òun máa ń fún òun lówó lọ́dọọdún láti fi kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ìwé ìpolongo kan sì ti tẹ òun lọ́wọ́ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọn yóò ṣe ní Breckenridge, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní àsìkò òtútù. Wákàtí méjì ni ẹ̀kọ́ ní àárọ̀, wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀sán sì ṣófo fún eré síkíì, ìyẹn fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní fàájì lásán ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ gidi wà níbẹ̀, ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kì í sábà rí yìnyín lè fi ṣe, àti bóyá kò léwu fún òun tí òun jẹ́ AS, àti fún ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́rin tí òun fẹ́ mú dání.

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà, ẹ sì kú ìtọ́jú ará ìlú. Ìdáhùn mi ni pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì sanwó. Kírẹ́dìtì, ìyẹn máàkì ẹ̀kọ́ tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ dókítà, tí wọn yóò kà fún yín yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tí yóò bá yín délé, ìwé ìpolongo tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi sì sọ púpọ̀ nípa ti àkọ́kọ́ láìsọ nǹkan kan nípa ìkejì. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Colorado fún ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù, mo sì ti kọ́ni nínú irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin àti owó kúrò nílẹ̀, nítorí kò gùn. Wákàtí kan ẹ̀kọ́ ni kírẹ́dìtì kan, nítorí náà wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún yóò fún yín ní 20. Ìgbìmọ̀ ìṣègùn Texas ń béèrè 48 láàárín oṣù 24, ó sì kéré tán kí 24 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí dáadáa, nítorí náà ìrìn àjò yìí nìkan kò lè parí rẹ̀ fún yín. Ohun tí ń mú kí àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ yín máa fojú fàájì wò ó ni pé láyé ijọ́un, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn a máa gbé dókítà lọ sí irú ibi báyìí, wọn a sì san owó òtẹ́ẹ̀lì àti ti eré. Láti 2002 ni ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ ti ka irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, àjọ ACCME tó ń fọwọ́ sí àwọn olùṣètò ẹ̀kọ́ sì ní ìlànà tirẹ̀ tó ya ọwọ́ oníṣòwò sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tí a ń kọ́ni. Ní ti owó orí, ẹni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò tún lè yọ irú ìnáwó yìí kúrò nínú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà láti 2018, nítorí náà owó tí ilé iṣẹ́ yín bá san nìkan ni ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ti ọkọ àti ti ọmọ, àpò yín ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gan-an ló yẹ ká jókòó tì. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA tẹ àgbéyẹ̀wò kan jáde tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ àwọn dókítà pọ̀. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé kí dókítà jókòó kí ẹlòmíràn máa sọ̀rọ̀ sí i létí kì í sábà yí bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fọwọ́ ṣe nǹkan, tó ń gbìyànjú, tó ń ṣìṣe, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ sọ́nà, máa ń yí i padà. Àwọn àgbéyẹ̀wò tó tẹ̀lé e fi hàn pé ìjókòó gbọ́rọ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ìdí nìyí tí ọ̀sán tó ṣófo kò fi bí mi nínú. Ẹni tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ láìdìde kò ní rántí ju ẹni tó gbọ́ mẹ́rin tó sì fi ọ̀sán na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ènìyàn dé orí òkè, tó wá ti ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, tó sì ń ka ọ̀rọ̀ nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti oògùn apakòkòrò tí ẹ lè gbọ́ ní àdúgbò yín láìwọ ọkọ̀ òfúrufú.

Òkè náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Charles Houston, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Aspen, ìlú síkíì mìíràn ní Colorado kan náà, ló kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine ní 1960 nípa omi tí ń kún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa nígbà tó bá gun ibi gíga. Ṣáájú ìgbà náà, òtútù àyà tàbí àìsàn ọkàn ni ọ̀pọ̀ dókítà Amẹ́ríkà ń pe irú rẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú àwọn oníṣíkíì ló rí i, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sáré gun òkè láìtíì mọ́ ara wọn lára.

Bákan náà ni ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹsẹ̀ òkè kò ní ju X-ray, ẹ̀rọ ultrasound, ọ́síjìn àti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí yìnyín bá ń rọ̀ gidigidi, wọn a ti ọ̀nà, hẹlikópítà kì í sì í lè gbéra. Dókítà ibẹ̀ ní láti pinnu ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sí ìlú ńlá lónìí, ẹni tó lè dúró di ọ̀la, àti ẹni tó lè padà sílé pẹ̀lú báńdéèjì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ rí mọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ó ṣe mí ní ẹ̀dùn pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ńlá Amẹ́ríkà, tí gbogbo ẹ̀rọ wà nítòsí, ọwọ́ wa máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èjìká tó yẹ̀, nítorí lójú mi, òun nìkan tó ìrìn àjò náà. Ní ìlú ńlá, bí ènìyàn bá wọlé pẹ̀lú èjìká tó ti yẹ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ sí i lára, a ó fún un ní oògùn oorun, nọ́ọ̀sì yóò dúró tì í, ẹlòmíràn yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀, wákàtí kan tàbí méjì á sì ti lọ. Ní ẹsẹ̀ òkè, a ó gbé e jókòó lórí àga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, kí apá tó yẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀, kí ìgúnpá rẹ̀ ká. Dókítà á jókòó síwájú rẹ̀, yóò ní kó gbé ọwọ́ lé òun ní èjìká. Kí ó tó ṣe nǹkan kan, yóò fọwọ́ kan awọ ìta èjìká náà láti mọ̀ bóyá aláìsàn gbọ́ ìfọwọ́kàn, nítorí iṣan ìmọ̀lára kan tó gba ibẹ̀ kọjá lè ti fara pa, yóò sì wo ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọwọ́ kan lé kọ̀rọ̀ ìgúnpá aláìsàn láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀, yóò sì máa fi ọwọ́ kejì rọra rọ ẹran ara láti ìdí ọrùn bọ̀ sí orí èjìká, láti ibẹ̀ bọ̀ sí iwájú apá, tí yóò máa sọ fún un pé kó na ẹ̀yìn, kó fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn. Kò ní fa apá rárá. Bí iṣan iwájú apá bá ti dẹ̀ lábẹ́ ìka, orí egungun á yọ́ wọ oríkèé rẹ̀, nígbà mìíràn aláìsàn gan-an kò ní mọ̀ ju pé ìrora ti dáwọ́ dúró. A ó tún fọwọ́ kan awọ ìta èjìká náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà Cunningham ni wọ́n ń pe èyí. Kò ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, pàápàá ẹni tí ìrora ti mú kó le gbandi, ṣùgbọ́n kò ná wa ju sùúrù lọ, kò sì dí oògùn oorun lọ́wọ́ bí a bá ṣì nílò rẹ̀.

Ẹ kò lè kọ́ èyí nínú fídíò. Ìka ló ń mọ ìgbà tí iṣan bá dẹ̀. Bí ẹ bá sì ń padà lọ sílé ní Nàìjíríà láti ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ dókítà wa ti ń ṣe, ẹ̀yin náà yóò mọ ohun tí ọ̀nà tí kò nílò oògùn oorun jẹ́ níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ èémí kò ti sí.

Àwọn ìfarapa yòókù tó pọ̀ níbẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò. Orúnkún ni fún àwọn tó ń lo pátákó méjì, nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí tí pátákó kò sì tú. Àtàǹpàkò sì ni pẹ̀lú, nítorí ọ̀pá tí wọ́n dì mú. Ọrùn ọwọ́ ni fún àwọn tó ń lo pátákó ẹyọ kan. Ọ̀kan ló yẹ kí ẹ fọkàn sí jù: egungun kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ tí X-ray sábà máa ń fò, tí wọ́n á sì sọ fún onípátákó ẹyọ kan pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ lásán ni.

Ní ti orí, ẹ ó gbọ́ orúkọ Natasha Richardson, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta 2009, ó ṣubú ní Mont-Tremblant ní Kánádà, lórí ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń kọ́ eré. Ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, wọ́n sì dá áńbúláǹsì padà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀, ó kú. Ẹ̀jẹ̀ ló ti ń dà sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston yóò rí irú rẹ̀ lára ẹni tó já bọ́ lórí àkàbà tàbí tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀kọ́ náà bá dára, wọn yóò kọ́ yín bí a ṣe ń bá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń kọ ìtọ́jú, sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbà kí a máa ṣọ́ òun.

Ẹ wá béèrè ohun tí Houston fẹ́ fi ẹ̀kọ́ òtútù ṣe. Ẹ rántí oṣù Kejì 2021, nígbà tí yìnyín bo Texas tí iná ọba sì kú káàkiri. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ènìyàn 246 tó kú, òtútù ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà kò tíì tọ́jú ẹni tí òtútù mú débi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dúró rí. Àpẹẹrẹ tí gbogbo olùkọ́ òkè ń mú wá ni ti Anna Bågenholm, dókítà ọmọ Swídìn tó ṣubú sínú odò yìnyín nígbà tó ń ṣe síkíì nítòsí Narvik ní Nọ́wè ní 1999. Ó wà lábẹ́ yìnyín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 80. Ooru ara rẹ̀ já wálẹ̀ dé 13.7 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Tromsø, ọkàn rẹ̀ kò sì lù mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dípò ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná padà, ó jí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ dókítà. Ohun tí ẹ̀yin yóò mú kúrò níbẹ̀ ni ìgbà tí kò yẹ kí a dáwọ́ dúró, àti ibi tó yẹ kí a gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó sọ pé ó ti kú.

Ìka tí òtútù ti jẹ náà wà níbẹ̀, Houston sì ní àwọn tó ń sun ìta. Omi tó gbóná dé 37 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius ni a ń rì í sí, a kì í fi ọwọ́ ra á, a kì í sì í yọ́ ọ bí a bá mọ̀ pé yóò tún dì. Láti 2024 ni àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí oògùn iloprost fún èyí tó le, kí gígé ìka lè dín kù. Àjọṣe òkè pẹ̀lú ìlú ńlá kò jìnnà tó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti rò.

Mo wá kan ara tiyín. Breckenridge ga tó mítà 2,900 ó lé díẹ̀, ọ́síjìn tí ènìyàn ń fà sínú níbẹ̀ sì fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti Houston. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 wo àwọn àlejò tó ju 3,000 lọ tí wọ́n wá ṣe ìpàdé ní irú àwọn ìlú òkè Colorado yìí, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní àìsàn òkè: orí fífọ́, èébì tó ń gbé ni, àárẹ̀, àìrí oorun sùn. Àwọn tó wá ṣe ìpàdé ni o, kì í ṣe àwọn tó wá gun ṣóńṣó. Ẹ sun alẹ́ kan tàbí méjì ní Denver, tó ga tó mítà 1,600, kí ẹ tó gòkè. Ẹ má mu ọtí ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo acetazolamide, oògùn tí ń dènà àìsàn òkè, mílígíráàmù 125 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá ń wúkọ́, tí kò sì lè mí dáadáa ní ìjókòó, pàápàá ní alẹ́ kejì, ọ́síjìn àti ìsọ̀kalẹ̀ ni, láìdúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wa sì gbà pé kò sí ohun tí AS ń ṣe fún ènìyàn. Nílẹ̀ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń rí. Lórí òkè, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Colorado pé ẹ̀jẹ̀ AS lè dì nínú ọlọ inú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn jẹ́jẹ́ tí ọ́síjìn sì kéré tẹ́lẹ̀, apá kan ọlọ náà á sì kú. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ AS. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, ìrora gbígbóná á mú ènìyàn ní abẹ́ egungun ìhà òsì, ó lè ta dé èjìká òsì, èébì á sì máa gbé e. Dókítà tí kò béèrè jẹ́nótáìpù á ní iṣan ló fà tàbí pé inú ló ń run ún. Ẹ mú omi mímu ní ọ̀kúnkúndùn, ẹ má ṣe eré líle ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ sì sọ jẹ́nótáìpù yín kí wọ́n tó béèrè. Bí ìhà òsì bá dùn yín, ẹ bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bá jẹ́ SS tàbí SC, kí ó má bá yín lọ sí ibi tó ga báyẹn láìjẹ́ pé dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Kò ní jẹun, kò ní sùn, á máa sunkún, á máa bì, àwọn òbí á sì rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bí ẹ kò bá mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí kàtá tàbí ikọ́ bá ń bá a jà ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹbí, nítorí ó ń mú kí omi tètè kún ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé lórí òkè. Ẹ ra jígí dúdú fún un, àti fún ara yín: yìnyín tuntun a máa da nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tí ń jó ojú padà, dúdú ara wa kò sì dáàbò bo ẹyinjú.

Ó kù kí ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò. Ẹ béèrè iye wákàtí nínú 20 náà tí ẹ óò fi fọwọ́ ṣe nǹkan, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kan yóò máa wò. Ẹ béèrè bóyá àwọn olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ẹsẹ̀ òkè fúnra wọn, àti bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè, tí ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ti wà láti 1938, yóò fi hàn yín bí wọ́n ti ń di ẹni tó ṣubú mọ́ ohun tí wọ́n fi ń wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Bí wákàtí ìfọwọ́ṣe bá tó mẹ́fà, èmi yóò lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìjókòó gbọ́rọ̀, ẹ fi owó náà wá èyí tó dára jù ú lọ. Bí ẹ bá sì rí èyí tó ní ìfọwọ́ṣe ní Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah, tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,100 péré, òun gan-an ni èmi yóò yàn ju Breckenridge lọ fún ìyá tó jẹ́ AS tó sì mú ọmọ dání.